Ogójì Orúkọ Tí Ọwọ́ Kan Kọ

Láti Ààfin Baálẹ̀, Ìdí-Ìyeyè.

Sí Ìyádùnní, ọmọ mi ní Toronto,

Èmi Olóyè Adégbénró, Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè àti abà mẹ́rin tó yí i ká, ni mo ń kí ọ láti orí àga mi. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọlẹ̀? Àwa náà dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yẹn, n kò mọ ohun tí ẹ̀dá alààyè ń wá lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n Olúwa wà níbẹ̀ náà. Má wò ó pé kò sí sítáǹbù lára lẹ́tà yìí, ta ló máa ní kí Baálẹ̀ lẹ sítáǹbù?

Nílé níbí, rédíò sọ pé láti ìsinsìnyí lọ owó ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tààràtà, láìgba ọwọ́ gómìnà kọjá. Inú mi dùn, mo ní kí wọ́n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé àga síta fún owó náà, mo jókòó dè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewúrẹ́ ìyá rẹ nìkan ló wá jókòó sórí àga ọ̀hún. Mo wá pe kánsẹ́lọ̀ wa lórí fóònù láti bi í pé ọ̀nà wo lowó gbà, obìnrin kan ló dáhùn, ó ní nọ́ńbà yẹn kò sí lórí ìlà. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn ọmọ, mo ní kó bá mi jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń tún sọ. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ ti fẹ́ ìyàwó kejì, ẹ̀kọ́ ilé ìyàwó ọ̀hún sì kéré.

Wọ́n ní ti ọ̀dọ̀ yín yàtọ̀, pé kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ọ́fíìsì, ó ń gbé fóònù, àti pé bí aráàdúgbò bá buwọ́ lùwé pé àwọn ń fẹ́ iná tí yóò dá mọ́tò dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ lè sọdá níwájú ilé alájà mẹ́rìnlá tí ẹ ń gbé, ó gbọ́dọ̀ jókòó dá wọn lóhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń fìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́? Gbé iṣu díẹ̀ lọ kí i.

Mo sì ti gbọ́ wàhálà ìwé náà. Mo gbọ́ pé láti ìgbà tí mọ́tò ti gbá Alhaji Hafeez ti àjà kẹta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú yìnyín, ni o ti ń kan ilẹ̀kùn kiri lẹ́yìn ṣíìfù, tìwọ ti yúnífọ́ọ̀mù ilé àwọn arúgbó tí o ti ń ṣiṣẹ́ lọ́rùn. O fa ìwé méjì lé Oyinkán lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ, kó gbé e láti àjà kẹsàn-án dé ìkọkànlá. Ọmọ náà kò kan ilẹ̀kùn kankan. Ó jókòó sí yàrá ìfọṣọ, ó kọ orúkọ tó dà kọ láti ara pátákó tí àlejò ti ń tẹ agogo lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ buwọ́ lù ú, ọwọ́ arúgbó tó ń gbọ̀n, ọwọ́ dókítà, ọwọ́ òsì. Nígbà tí orúkọ tán, ó fi bàbá mi tó ti kú kún un, ó fi èmi Baálẹ̀ ṣe ogójì. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́.

Má bínú sí i jù. Níbí, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé ìwé kànga wá, ẹni tó mọ̀wé ló ń kọ orúkọ gbogbo agboolé, ló ń tẹ̀ka fún wọn, títí kan ọmọ inú oyún. Oyinkán ló ń ṣe é fún wa láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, kódà lọ́dún méjì tí kò rówó ilé ìwé. Ìwé á lọ, kò ní padà, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ inú rẹ̀. Kànga náà kì í sì í dé.

Ọ̀dọ̀ yín, ọ́fíìsì kánsẹ́lọ̀ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ti bàbá mi padà, wọn ò rí i nínú ilé. Fareedah ti àjà kọkànlá mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé Sátidé ní láíbìrì, ó dìde, ó ní òun kò buwọ́ lu ohunkóhun, pé òun ìbá sì buwọ́ lù ú tayọ̀tayọ̀ bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn òun. Kánsẹ́lọ̀ ní àwọn ò lè lo ìwé náà mọ́, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ẹ dìde, ẹ ní ọwọ́ yín ni ìwé ti wá, ẹ̀yin ni kí wọ́n bi. Ẹ kò wo ibi tí mo jókòó sí rárá.

Auntie, ẹ ti rí i. Bàbá kò ní pè yín ní ẹ̀yin, kò sì ní kọ lẹ́tà dé ibí láìtíì béèrè owó páànù. Èmi Oyinkán ni.

Mo rò pé bí Bàbá bá bẹ̀ yín ẹ ò ní lè kọ̀, ni mo fi fi ohùn wọn bora. Láti Sátidé, àtẹ̀gùn lẹ ń gbà dé àjà keje tí a ń gbé kí ẹ má baà pàdé ẹnikẹ́ni nínú élífétọ̀. Mo ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí lẹ́nu ọ̀nà, mo ń díbọ́n pé mò ń kàwé. Mo mọ ohùn gbogbo èèyàn inú ilé yìí ṣe, n kò sì rí èyí tí mo lè fi sọ pé èmi ni.

Lánàá mo lọ kan ilẹ̀kùn Fareedah, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí n kọ orúkọ òun bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí òun rí i. Ọwọ́ mi kọ̀. Ó gba bírò, ó kọ tirẹ̀ sórí ìwé tuntun, kò jọ èyí tí mo kọ rárá. Ní Mọ́ńdè màá lọ sí ọ́fíìsì kánsẹ́lọ̀ lọ sọ ọ́ fúnra mi, lẹ́yìn náà màá kan gbogbo ilẹ̀kùn yòókù.

Mo nílò owó bírò, Auntie, torí mẹ́rin tó wà nílé ni mo fi kọ ogójì yẹn tán. Ẹ yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ ọ̀sán mi. Gbogbo àdúrà Bàbá ni mo mọ̀ sórí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á lónìí, àfi kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí mi mọ́.

Ìwé tuntun náà wà nínú àpò ìwé yìí. Fareedah ló wà ní ìlà kìíní. Èmi ni mo wà ní ìkẹta, torí nínú ogójì ìjọsí, n kò rántí kọ orúkọ tèmi. Ìlà kejì ni tiyín. Mo mọ bí ẹ ṣe ń buwọ́ lùwé, pẹ̀lú ìrù gígùn tẹ́ ẹ máa ń fà sẹ́yìn rẹ̀, mo lè kọ ọ́ kí báǹkì gan-an má mọ̀.

Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Oyinkán