Àwọn Ajẹkòkòrò Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé ìlú ńlá ń gbè ọ́? Àwa wà dáadáa, a ó fi ayọ̀ rí ara wa. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tí wọ́n fẹ́ gé, wọn kò gé e mọ́ o!

Ẹ̀bi mi ni, má sọ fún àwọn àbúrò rẹ. Nígbà tí ṣọ́bìrì ṣá bàbá rẹ lẹ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn apakòkòrò ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ni egbò náà gbẹ, mo bá kó ìyókù sínú agolo ṣúgà, mo fún télọ̀ iwájú ilé ní méjì nítorí ikọ́, mo lọ ẹyọ kan fún adìyẹ mi tó ń tòògbé, mo sì ń fún bàbá rẹ ní ẹyọ kan nígbàkúùgbà tó bá ní ó ń ro òun. Àṣé kòkòrò àìfojúrí inú egbò ń fi ìyẹn kọ́ṣẹ́ ni! Nígbà tí egbò náà tún kẹ̀, tí a gbé e dé ọsibítù, dókítà ní àwọn tí kò kú ti mọ ọwọ́ oògùn náà, wọ́n sì ti bí ọmọ tó le jù wọ́n lọ.

Wọ́n fi òwú nu egbò, wọ́n ń sin kòkòrò rẹ̀ nínú àwo kékeré, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Mo ní dókítà, ọ̀tá wa lẹ ń bọ́ yẹn. Ó ní ìyá, ẹ fara balẹ̀, oògùn tí yóò pa wọ́n là ń wá. Kò sí ọ̀kan tó pa wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ̀rọ̀ gígé. Bàbá rẹ ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló ní ìtọ́jú tuntun kan wà tí wọ́n ṣì ń dán wò, ohun kan tó kéré ju kòkòrò lọ, kòkòrò nìkan ló sì ń jẹ. Inú omi gọ́tà ni wọ́n ti rí i. Bàbá rẹ, tí mo ti ń bá jà tipẹ́ nítorí kò kó gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, bá wò mí, ó ní ìyàwó, ṣé o rí i?

A fọwọ́ sí ìwé, wọ́n da á sójú egbò, wọ́n fi oògùn míì tì í lẹ́yìn. Láràárọ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ náà, mo ń kí àwọn ajẹkòkòrò náà pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ jẹ àjẹyó. Mo bi dókítà pé tí kòkòrò bá tán ńkọ́, kí ni wọ́n á jẹ? Ó ní àwọn náà á tán ni. Ó dùn mí o, ẹni tó ṣe wá lóore tó báyìí.

Egbò ti jinná. Oògùn tó kù, mo ń dúró ti bàbá rẹ títí yóò fi gbé e mì. Télọ̀ tọrọ ẹyọ kan lánàá, mo ní kó lọ rí dókítà tirẹ̀.

Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ bàbá rẹ sí yóò dá ìwọ náà sí fún wa. Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́ sí i. Tọ̀tún tòsì ni yóò wọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.