Ìjókòó Lois Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé: Ìgbésí Ayé Màmá Keziah Holcomb, Ẹni Tó Ń Ṣẹ̀dá Orin

Ìlú Harrow Hill ní Connecticut ni Enos Tuttle, alágbẹ̀dẹ, àti Patience aya rẹ̀ bí Màmá Keziah sí lọ́dún 1761. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ Màmá lórin. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìpàdé ni wọ́n dúró sí nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọkùnrin, títí wọ́n fi mọ orin kà, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ.

Lọ́dún 1782, Màmá fẹ́ Jabez Holcomb, tó ń ṣe àgbá ọtí ápù. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Asa, Dorcas àti Lois. Orin Màmá méje wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Orúkọ Màmá kò sí níbẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn.

Lọ́dún 1803, àrùn ọ̀fun pa Lois, àbíkẹ́yìn wọn, tó máa ń kọ ohùn kẹta. Màmá ṣe orin fún ìsìnkú rẹ̀. Ohùn mẹ́rin ló yẹ kó ní, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlà ohùn kẹta sílẹ̀ lófìfo, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sáyè Lois lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé ìpàdé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, olùkọ́ orin tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, rí ìlà náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ṣé agbára yín ò gbé e ni?”

“Mo ti parí tèmi. Ìyẹn, ẹlòmíì ló ni ín.”

“Ìgbà wo ló máa dé?”

“Ó ti jókòó. Ojú ẹ ni ò tó o.”

Pruitt fi pẹ́ńsù kọ ohùn náà sí i, ó sì fi Dorcas, ẹ̀gbọ́n Lois, sórí ìjókòó. Dorcas la ẹnu. Ohùn Lois ló jáde. Pruitt fúnra rẹ̀ ló fi búrẹ́dì, tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nígbà náà, pa ohun tó kọ rẹ́. Kò dúró jẹun. Dorcas kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun kò ní yá ẹnikẹ́ni ní ẹnu òun mọ́.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 1829. Asa àti Dorcas ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Orin Lois la ó fi sin wọ́n lónìí. Pásítọ̀ Whitlock fẹ́ kí Dorcas jókòó síbẹ̀, kí orin náà lè pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò lọ́jọ́ Sátidé, ohùn mẹ́ta la kọ, márùn-ún la gbọ́.

“Pásítọ̀,” Dorcas wí, “àyè ò sí níbẹ̀ mọ́.”

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìjókòó náà sílẹ̀, ẹ má sì bojú wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí orin bá ń lọ.

Màmá, ẹ sinmi re o. Lois, sún díẹ̀, kí ìyá rẹ ráyè jókòó.