Bátìrì Tí Mulika Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Tú

Bàbá mi, ẹni tí mi ò lè gbàgbé,

Mulika ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi. Ẹ ti lọ sọ́run kí wọ́n tó bí i. Twi pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ojú ti ń tì í. Mulika, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má dín in kù.

Bàbá, mọ́tò kan wà báyìí tí kì í mu epo. Iná ni wọ́n ń gbà sí i mọ́jú, bátìrì ńlá kan ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni Mulika fi ń gbé èrò láti Kokomlemle, ohun tó ń rí níbẹ̀ la fi ń jẹun. Ó mọ mọ́tò wà jù yín lọ. Ẹ má bínú, ẹ̀yin kì í wo ẹ̀yìn tí ẹ bá ń wa mọ́tò.

Ṣàdédé ni bátìrì náà kọṣẹ́. Ó máa kún nígbà tó bá kúrò nílé, kó tó dé Circle tó wà nítòsí ó ti fẹ́ tán. Àwọn èrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́tò ẹlòmíràn. Ni Làmídì bá dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fítà tó ń tún mọ́tò ṣe ní Mamobi. Ó mú sípánà, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ní òun fẹ́ tú bátìrì náà kí òun wo inú rẹ̀. Gbogbo ilé gbè é lẹ́yìn. Èmi náà gbà fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni.

Mulika wọnú mọ́tò, ó jókòó, ó tilẹ̀kùn.

“Ọmọdé yìí, sọ̀ kalẹ̀! Ṣé ìwọ ni fítà?”

“Ẹ̀yin ni fítà, Bùròdá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti tú, ẹni tó tà á kì í gbà á padà mọ́.”

“Ta ló kọ́ ọ ní ìsọkúsọ yẹn?”

“Bàbá bàbá yín ni.”

Làmídì yọ jáde lábẹ́ mọ́tò. Ó mú sípánà rẹ̀, ó lọ.

Ṣé ẹ gbọ́, Bàbá? Gbogbo rédíò àti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ tí ẹ tà ní ọjà Okaishie lẹ fi ọ̀dà pupa kun nọ́ọ̀tì tó dè é. Tó bá bàjẹ́, tí ọ̀dà náà kò sì fọ́, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tú u, ẹ ó pàrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba lé àwa àlejò kúrò nílùú yìí, tí a sì tún padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ṣọ́ọ̀bù yín ti di ti ẹlòmíràn. Orí tábìlì lẹ ti ń tajà nígbà tí obìnrin ará Gáà kan gbé áyọ́ọ̀nù àtijọ́ tí ẹ tà fún un kí wọ́n tó lé wa dé. Ẹ wo ọ̀dà, ẹ gbé tuntun fún un, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn? Mo máa ń sọ ọ́ fún Mulika tí mo bá ń dirun fún un. Mo rò pé ó ń sùn ni.

Mulika gbé mọ́tò náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Wárántì ni wọ́n ń pe irú ìlérí yín yẹn báyìí. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé ìwàkuwà tó ń wa mọ́tò náà ló ba bátìrì jẹ́. Kò bú wọn, kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni kò tú u, wọ́n gbé òmíràn sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Lánàá ó gbé mi gba Okaishie kọjá. Mọ́tò náà kò pariwo rárá. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń tajà níbi tí tábìlì yín wà. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í yin èèyàn. Mo yin ẹ̀yin àti Mulika.

Èmi ni, ọmọ yín tó máa ń di agolo ọ̀dà mú fún yín.

Ó tó, Mulika. Lọ sọ fún Làmídì pé bátìrì tuntun ti dé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó yà sílé wa mọ́. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ pé èmi ni mo ní kó wá jókòó níwájú, kí o gbé e rìn. Kó tó lọ, ra ọ̀dà pupa, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún sí nọ́ọ̀tì bátìrì náà fún ọ.