Bàbá Mi Ní Wọ́n Máa Nà Wá

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, ẹni tí kì í gbà pé wọ́n nà wá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé wà, òkè Mápó náà ò tíì ṣí lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá ń gùn ún, ṣùgbọ́n tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tí ibì kan ò bá dùn, kí ni yóò máa rí sọ? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Bàbá Télọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ba orúkọ yín jẹ́, Bàbá, níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe.

Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín méjì, Bàbá Télọ̀ àti Alága, jọ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti pápá bọ́ọ̀lù ní Adámásìngbà, kálukú sì ń búra pé òun ti mọ bí eré náà ṣe máa rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ó tó gẹ́ẹ́: ẹni tó bá mọ̀ kó sọ ọ́ ṣáájú. Bó ṣe di pé gbogbo àárọ̀ Sátidé lẹ ń péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ ní Bẹẹrẹ nìyẹn, tí Bàbá Télọ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sáṣọ kọ àsọtẹ́lẹ̀ kálukú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, iyì lásán ni. Alága fẹ́ kí wọ́n máa pe ẹni tó bá borí ní Wòlíì. Bàbá Télọ̀, tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí, ní wòlíì ti parí, ó ti pẹ́. Ẹ̀yin, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ wá fa Amòye yọ.

Ẹ ò jẹ Amòye rí. Báwo lẹ ṣe máa jẹ ẹ́? Ibi yòówù kí ẹgbẹ́ ìlú wa ti lọ gbá bọ́ọ̀lù, ohun kan náà lẹ ń sọ: a máa nà wọ́n. Tí wọ́n bá wá fi góòlù mẹ́rin nà wá, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé eruku ló wà níbẹ̀, ẹ ó ní, "Ó kù díẹ̀." Ìyá mi a ní, kí ló kù díẹ̀ nínú mẹ́rin sí òdo? Ẹ ó tún dé fìlà yín.

Òfin yín náà ni pé orúkọ ẹni tó bá kú kò gbọdọ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, tó bá ní ọmọ tó lè gbẹnu sọ fún un. Ọmọ náà ò gbọdọ̀ sọ èrò ara rẹ̀. Yóò dìde, yóò ní, "Bàbá mi ní…" Nígbà tí ẹ lọ, èmi ni mo dìde. Alága húkọ́, wọ́n ní òfin ò mẹ́nu ba obìnrin. Bàbá Télọ̀ ní òfin ò mẹ́nu ba ikọ́ náà.

Sáà àkọ́kọ́, mo sọ tẹnu yín gẹ́lẹ́: a máa nà wọ́n, a máa nà wọ́n. A kẹ́yìn lára ilẹ̀kùn. Alága fi ọ̀pá tọ́ka sí orúkọ yín: "Ọ̀rẹ́ mi yìí! Lókè eèpẹ̀ ó wà nísàlẹ̀, lábẹ́ eèpẹ̀ ó ṣì wà nísàlẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo ní wọn ò ní fi bàbá mi ṣẹlẹ́yà mọ́.

Ẹ mọ ọmọ yín pẹ̀lú ìwé kíkà. Mo ń ka ìwé ìròyìn, mo ń gbọ́ rédíò, mo mọ agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún ń dùn. Ní Sátidé kan ní sáà kejì, mo dìde: "Bàbá mi ní a máa ta ọ̀mì." A ta ọ̀mì. Ọ̀sẹ̀ kejì: "Bàbá mi ní wọ́n máa nà wá." Wọ́n nà wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lára ilẹ̀kùn. Alága ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀run ti là á lójú." Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ó wá ku eré kan ṣoṣo. Ẹ̀yin àti Alága jọ wà lókè. Tí ẹgbẹ́ ìlú wa bá pàdánù eré náà, wọ́n já sí ìpele kejì nìyẹn. Alága, nínú gbólóhùn tó gùn ju ìwàásù bíṣọ́ọ̀bù lọ, ní ọ̀mì ni. Ó kàn mí. Mo ní, "Bàbá mi ní wọ́n máa nà wá."

Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ Bàbá Télọ̀. "Lọ́jọ́ òní? Ṣé ọ̀rẹ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀, Tíṣà?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ẹnu ẹ̀ náà?"

"Ẹnu wọn náà ni."

Wọ́n kọ ọ́. Wọn ò wojú mi mọ́.

Gbogbo wa jọ gbọ́ eré náà lórí rédíò ní ṣọ́ọ̀bù: góòlù kan ni wọ́n fi nà wá. Wọ́n kọ orúkọ yín sókè pátápátá, Amòye. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Bàbá Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gba ọ̀nà Bẹyẹrúnká lọ sílé láìdágbére. Ọ̀rẹ́ wọn kan ṣoṣo tí kì í gbà pé a ti pàdánù, mo ti sọ ọ́ di ẹni tó kẹ̀yìn sí wa lọ́jọ́ tó le jù. Ṣé ẹ̀yin náà rí mi?

Ní Sátidé tó kọjá, tí sáà tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, irọ́ ni mo pa. Bàbá mi ò sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́." Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin láti orí títí dé ìdí, wọ́n sì fagi lé gbogbo ohun tí mo jẹ fún yín. Àwọn gan-an wá di Amòye. Wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á, ìrẹ̀lẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àárọ̀ tán.

Bàbá Télọ̀ fi àkísà nu orúkọ yín kúrò lókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tún un kọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi, káàbọ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Tíṣà, kí ni bàbá ẹ wí?"

"Wọ́n ní a máa nà wọ́n."

"Mo mọ̀."

Ẹ forí jì mí, mo ti dá yín padà síbi tí wọ́n ti ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo jẹ́wọ́ fún wọn ò tó ìdajì. Mi ò sọ fún wọn pé nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn wọ àwọ̀n wa, tí gbogbo ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù káwọ́ lérí, inú mi dùn. Mo fi gèlè bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi. Ẹ̀yin ni mo ń rò, Bàbá. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ ti jẹ ẹ́, ẹ ti jẹ ẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ irú èyí fún, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin. Ojú yín ń tì mí, àárò yín sì ń sọ mí.