Kíndìnrín Kan Tó Ènìyàn

Sùúrùlérè,
4 October, 1976.

Mabel ọmọ mi,

N kò rí oorun sùn. Mo ń ro òtútù Lọ́ńdọ̀nù, mo ń ro bàálù tí yóò gba orí òkun, mo sì ń ro ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ. Tí iná bá lọ ńkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣì wà nínú rẹ̀?

O ní kí n má wá, pé dókítà ń wá kíndìnrín ẹni tó ti kú fún ọ. Títí di ìgbà wo? Mo dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara mi le.

Theophilus àbúrò mi bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá tún ayé wá ńkọ́? Ṣé kíndìnrín kan lẹ máa gbé wá ni?" Mo ní dókítà rẹ ti sọ pé ọ̀kan tó ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló sunkún.

Ìyá rẹ rò pé mo kàn ń bọ̀ wá wò ọ́ ni. Ó ń din ẹ̀pà oníyọ̀ tí wọ́n ní o kò gbọdọ̀ jẹ. N kò rí ẹnu sọ fún un. Má kọ nǹkan kan sí i.

Bá mi kí àwọn nọ́ọ̀sì. Sọ fún dókítà pé Wẹ́sidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, ni bàbá rẹ yóò gbéra.