Lọ́yà Ilé Wa àti Kòkó Bàbá Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ìwé mi, má bínú. Ọwọ́ mi kò dáa, ọ̀rọ̀ mi sì ń falẹ̀ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ábídí.

Bàbá mi wá láti Iyere lónìí. Mo gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún. Wọ́n ní àwọn ò lè mu omi nílé ẹni tó ń gbèjà olè tó kó kòkó àwọn. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n ń bá wí. Lọ́yà ni wọ́n. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, títí dé Imoru, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹbí ẹ̀ ń sáré wá.

Lẹ́yìn tí bàbá mi ti bínú lọ, mo ń palẹ̀ abọ́ oúnjẹ bàbá ọkọ mi mọ́ nígbà tí wọ́n ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ. Sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, tó bá jẹ́ ọkùnrin tí ẹ ń gbèjà yẹn ló kó kòkó náà ńkọ́?"

"Adájọ́ á sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló rí i? Wọ́n kàn bá kòkó lórí ọ̀kadà ẹ̀ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá mú bàbá rẹ lọ́la, màá gbèjà wọn bákan náà, kódà bí wọ́n bá tún kọ omi mi."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Òótọ́ ni, bàbá mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Kòkó yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé. Ta ni yóò sọ fún wọn bí kò ṣe èmi, èmi tí ojú máa ń tì? Àmọ́ mo kúkú bi lọ́yà léèrè lónìí, wọn ò sì bínú. Màá rọra bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ń pè mí láti pálọ̀. Ó ní bàbá mi wà lórí fóònù, pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mò ń lọ sọ ọ́ fún wọn.