Èdè Tí Ẹ Fi Pàṣán Kọ́ Mi

Bàbá mi,

Ara mi le, òtútù ibí ò tíì pa mí. Mo tún ṣe ìdánwò èdè òyìnbó tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì àjèjì. Mo sọ fún obìnrin tó ń dán mi wò pé bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé, ló fi pàṣán kọ́ mi lédè wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹnu ẹ wúwo. Àwọn aláìsàn ò ní gbọ́ nǹkan tó o bá sọ."

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fìdí rẹmi nìyí. Àwo ni mò ń fọ̀ nílé ìwòsàn wọn báyìí, wọ́n sì ń dán gbinrin.

Lánàá, mo bi ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín lórí fóònù bóyá ó ti jẹun. Ó rọra ní, "Mọ́mì, ẹ má sọ Yorùbá, bàbá àgbà á nà mí."

Bàbá, inú ń bí mi sí yín gan-an. Ẹ nà mí torí àwọn tí kò kà mí kún. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ fi èdè tó gbọ́ kí i.